Orúkọ Tí Mo Kọjú sí Ògiri Pè

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju ìkòkò àmù tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá mi lọ, mo rò pé gbogbo obìnrin tó bá fẹ́ lọ sílé ọkọ láyé yìí ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá kọ́ ẹkún sísun nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ẹ má rín mi ní ẹ̀rín. Ohun tí ojú mi ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn. Ilé wa ní Ẹdẹ kò jìnnà sí ojú irin rélùwéè, àwọn omidan sì máa ń wá bá wa láti Alájùẹ́, láti Ara, àní láti Sẹ́kọ́nà pàápàá. Wọn á ru igi ìdáná tàbí kí wọ́n di ẹ̀wà díẹ̀ lọ́wọ́, wọn á kúnlẹ̀ kí ìyá mi, wọn á ní àwọn wá kọ́ rárà ìyàwó.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, rárà yìí ni àwọn kan ń pè ní ẹkún ìyàwó. Lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin bá ń lọ sílé ọkọ, yóò máa ti ọ̀dọ̀ òbí kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn, yóò máa fi ohùn arò dágbére fún wọn, yóò máa tọrọ ìwúre lọ́wọ́ wọn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì máa gbè é lẹ́yìn. Ìyàwó tí kò bá mọ̀ ọ́n sun, ìyá rẹ̀ ni ojú ń tì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá bá ìyá mi. Òwú ló ń tà lọ́jà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ló sọ ọ́ di ẹni tí ìlú mọ̀.

Ọ̀nà tó ń gbà kọ́ wọn nìkan tó ìtàn. Kò ní jẹ́ kí ọmọ náà kọjú sí ẹnikẹ́ni. Yóò mú un dúró, yóò yí i padà, yóò ní kó kọjú sí ògiri, ògiri alámọ̀ wa tí a fi ìgbẹ́ màlúù pa lára. Ọmọ náà yóò máa sun ún sí ògiri fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Tí ẹnì kan bá béèrè ìdí rẹ̀, ìyá mi á dáhùn pé, "Ẹni tó ń wojú èèyàn sunkún, ojú tó ń wò ló ń sun ún fún. Sun tìrẹ ná." Nígbà tó bá wá di ọjọ́ kan, tí ohùn ọmọ náà bá bọ́ sí ibi tó yẹ, ìyá mi á gbé kẹ̀kẹ́ òwú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á ní, "Ó tó. Kọjú sí wa." Gbólóhùn yẹn ni gbogbo wọn ń retí. Mo rí omidan kan tó fò sókè nígbà tó gbọ́ ọ, tó sì gbá ìkòkò ọbẹ̀ wa dànù.

Èmi náà máa ń sá pamọ́ sí ẹ̀yìn ilé, n ó máa kọjú sí ògiri ilé ìdáná, n ó máa sun ẹkún ọkọ tí mi ò ní. Àbúrò mi ọkùnrin ni ẹlẹgbẹ́ tó ń gbè mí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Àlàó ni oríkì rẹ̀, oríkì yẹn sì ni ìyá mi fi ń jí i láràárọ̀. Ohun méjì péré ló fẹ́ràn láyé: àkàrà àti rélùwéè. Bí fèrè ọkọ̀ bá ti dún, kò sí ohun tó lè dá a dúró, yóò sáré lọ sí ẹ̀bá ojú irin, yóò máa juwọ́ sí àwọn èrò títí ọkọ̀ á fi lọ tán. Bí ẹnikẹ́ni bá juwọ́ padà sí i, a ò ní gbádùn nílé lọ́jọ́ náà, nítorí yóò sọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Èéyi ló pa á. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló kú lọ́dún náà, mi ò ní sọ̀rọ̀ jù lórí ìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ àṣà wa yóò ti mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Òkú ọ̀fọ̀ ni òkú ọmọdé. Ìyá kì í mọ ibojì ọmọ rẹ̀, bàbá kì í mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà àdúgbò gbé e lọ, wọ́n padà dé, wọ́n fọwọ́, wọ́n fẹsẹ̀, wọ́n sì kí ìyá mi pé, "Omi ló dànù, agbè kò fọ́." Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ló kó aṣọ ọmọ náà kúrò nínú yàrá, òun náà ló sì pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ó ní omijé ìyá máa ń dí ọ̀nà fún ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Kì í ṣe ìkà, ẹ má ṣì í gbọ́. Òun náà ti pàdánù ọmọ mẹ́ta nígbà tirẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà la ọ̀fọ̀ tirẹ̀ já ló fẹ́ gbà la ti ìyá mi já.

Ìyá mi gbọ́ràn. Kò sunkún. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbé ẹkún yẹn mì, ohùn rẹ̀ ló gbé mì pẹ̀lú rẹ̀. Yóò kí ẹni tó bá kí i, yóò ka òwú fún oníbàárà, yóò pè mí wá jẹun, ó parí. Àwọn omidan dé pẹ̀lú igi ìdáná, ó ní kí wọ́n máa gbé e padà, ara òun kò yá. Oṣù kan, oṣù mẹ́fà, ọdún kan, ọdún méjì. Nígbà tó yá, wọn kò wá mọ́. Bàbá mi tó jẹ́ káfíńtà, tó ń tò nǹkan pọ̀ kó má yẹ̀, máa ń jókòó wò ó lójú oúnjẹ, kò sì mọ ibi tí yóò ti kan ìṣó. Agbè kò fọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gba omi mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé a máa pàdánù òun náà síbi tó jókòó sí yẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí nígbà tí mo bọ́ sí ilé ìwé Mọ́dàn, èyí tí a máa ń lọ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti dé ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ọmọ púpọ̀ ti ń lọ sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó dé Mọ́dàn kò pọ̀. Mẹ́rin péré la jẹ́ ní kíláàsì mi. Tíṣà tó ń kọ́ wa ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó tínrín, sítáàṣì sì máa ń mú kí ṣòkòtò rẹ̀ dá dúró fúnra rẹ̀. Ó ní àpótí ìwé kan tó fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Inú àpótí yẹn ló ti ń mú àwọn akéwì àti òǹkọ̀wé òyìnbó wá bá wa, àwọn tó ti kú láti ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Èèyàn wo ni mo máa fi àwọn èèyàn wọ̀nyẹn wé fún yín? Wọn kì í jókòó sílé. Wọ́n máa ń dá rìn lórí òkè, wọ́n máa ń bá igi sọ̀rọ̀, wọ́n máa ń lọ jókòó sí itẹ́ òkú nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń jẹun. Ìwé ìtàn wọn náà kún fún kùrukùru, òwìwí, ilé olókùúta tó ti dahoro, àti obìnrin tó ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún ọkọ tó ti kú. Òkùnkùn kò sú wọn. Àwa ọmọ Ẹdẹ tí wọ́n ti kọ́ pé kí á wọlé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọ̀rọ̀ náà kò yé wa rárá.

Ọmọkùnrin kan ní ìjókòó iwájú dìde, ó ní, "Tíṣà, ọkùnrin tó jókòó sínú òjò nínú ewì yìí, ṣé kò nílé ni?"

Tíṣà ní, "Ó nílé. Ìbànújẹ́ ni kò jẹ́ kó mọ̀ pé òjò ń rọ̀."

Ọmọ náà ní, "Tó bá jẹ́ ní Ẹdẹ ni, àwọn ẹbí rẹ̀ ì bá ti gbé e wọlé."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo bá ìyá mi lórí àpótí ìjókòó rẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ òwú tí kò yí, mo sì rí i pé inú òjò lòun náà wà, láàárín ẹbí.

Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, Tíṣà mú ewì kan wá tí mi ò lè gbàgbé títí tí n ó fi kú. Akéwì kan ló pàdánù ọmọ rẹ̀ kékeré ní àkókò òtútù. Ilẹ̀ ṣú, wọ́n tan fìtílà fún un, ó sì fẹ́ ẹ pa, nítorí òkùnkùn nìkan ni kò sọ fún un pé kó dákẹ́. Nínú òkùnkùn náà ló ti rí ọmọ rẹ̀ tó ń ṣeré nínú yìnyín. Ó pe ọmọ náà lórúkọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn. Ewì náà parí síbẹ̀.

Orí mi wú. Ó pe ọmọ náà lórúkọ! Wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá bá wa ní Ẹdẹ, ẹnikẹ́ni kò sì sọ pé ó dí ọ̀nà ọmọ kankan. Mo na ọwọ́ sókè, mo bi Tíṣà bóyá ọkùnrin náà rí ọmọ rẹ̀ lóòótọ́ tàbí irọ́ ló pa.

Tíṣà pa ìwé náà dé. Ó ní, "Ojú inú ló fi rí i. Ojú òde ń rí ohun tó wà níwájú wa. Ojú inú ń rí ohun tí ọkàn kò gbà kó lọ. Kì í ṣe irọ́."

Ọjọ́ ìfúnni-lẹ́bùn ilé ìwé wa ń bọ̀ lọ́nà, Tíṣà sì ń wá ẹni tí yóò ké ewì náà lójú àwọn òbí. A gbìyànjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, mo kà á gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n rán an rà lọ́jà. Tíṣà ní kí n lọ ṣe é dáadáa nílé. Mo délé, mo lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo kọjú sí ògiri ilé ìdáná. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà sọ ìbànújẹ́ ní ẹsẹ-ẹsẹ, àfi èyí tí mo gbọ́ dàgbà. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe bọ́ sínú ohùn rárà ìyàwó lẹ́nu mi nìyẹn. Mi ò tilẹ̀ fura.

Lọ́jọ́ kejì ní kíláàsì, mo dìde, mo yí ẹ̀yìn sí gbogbo wọn, mo kọjú sí pátákó ìkọ̀wé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sun ewì òyìnbó bí ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ. Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, bóyá wọ́n gbọ́ ọ láàfin Tìmì, ọba wa. Ọmọkùnrin kan ṣubú kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè yí padà mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ariwo náà rọlẹ̀, mo gbọ́ tí Tíṣà bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ta ló kọ́ ọ?"

Mo ní, "Ìyá mi ni, sà. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe é mọ́." Mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ojú mi sí pátákó.

Tíṣà ní kí n lọ jókòó. Lẹ́yìn náà ló ní èmi ni n ó ké e, àti pé kí n ṣe é ní Gẹ̀ẹ́sì lákọ̀ọ́kọ́, kí n wá tú u sí Yorùbá fún àwọn òbí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní, "Má tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan o. O kò rí yìnyín rí. Fi ohun tí ojú inú tìrẹ rí sí ibi tí òun fi tirẹ̀ sí."

Kíá ni mo mọ ohun tí n ó fi rọ́pò yìnyín. Ibi tí mo ti kọsẹ̀ ni ibi tí akéwì ti pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Ọmọ ta ni n ó pè? Mo jókòó sẹ́yìn ilé pẹ̀lú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì, mo kọ orúkọ ọmọ òyìnbó náà, ó tẹ́ lẹ́nu mi bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Mo pa á rẹ́. Mo kọ Àlàó. Mo sì kà á jáde díẹ̀díẹ̀, láìmọ̀ pé Ìyá Àgbà ń ṣa ewé lẹ́yìn ògiri.

Ìyá Àgbà di apá mi mú. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa ìyá rẹ ni? A ti fi erùpẹ̀ bo iná yìí, o tún fẹ́ fi igi hú u jáde?"

Mo ní, "Ìyá Àgbà, wọn kì í sọ̀rọ̀ mọ́."

Ó ní, "Ẹni tí kò sọ̀rọ̀ kò kú. Tí o bá pe orúkọ yẹn lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, tí ìyá rẹ bá ṣubú lulẹ̀, ìwọ ni n ó bi." Ó di apá mi mú bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba àgbà náà.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá bàbá mi níbi tó ti ń fá pákó. Ó dá iṣẹ́ dúró. Kò sọ pé kí n pe orúkọ náà, kò sì sọ pé kí n má pè é. Ó kàn wo ilẹ̀, ó ní, "Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ìyá rẹ kò sunkún, kò sì ríran mọ́. Mi ò mọ èyí tó burú jù." Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í fá pákó rẹ̀. Torí náà ọwọ́ èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kù sí. Bí mo bá pe orúkọ náà, ó lè fọ́ ìyá mi túútúú. Bí mi ò bá pè é, ó lè má sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí.

Ọjọ́ náà pé. Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà síwájú ilé ìwé, ṣùgbọ́n inú gbọ̀ngàn ni a ti ń ké ewì. Òyìnbó alábòójútó ètò ẹ̀kọ́ wà ní ìlà iwájú pẹ̀lú ọ̀gá ilé ìwé wa, àwọn àgbà ìjọ àti àwọn ààfáà àdúgbò jókòó pọ̀, àwọn ìyá wà lẹ́yìn. Bàbá mi ti bẹ ìyá mi títí tó fi tẹ̀ lé e wá. Mo rí i ní ìlà tó kẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ lórí ẹsẹ̀, Ìyá Àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń fi ojú bá mi wí láti ibẹ̀.

Ọmọkùnrin kan ló kọ́kọ́ ké tirẹ̀. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó kàn mí. Mo gun orí pèpéle, mo ké ìlà Gẹ̀ẹ́sì kìíní, mo ké ìkejì, ni ojú mi bá bọ́ sí ojú ìyá mi, ni gbogbo èdè Gẹ̀ẹ́sì tí mo mọ̀ láyé bá fò lọ. Mo wá a, mi ò rí i. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń ṣe "ṣìọ̀". Mo ṣe ohun kan ṣoṣo tí ara mi mọ̀. Mo yí ẹ̀yìn sí òyìnbó, sí ọ̀gá ilé ìwé, sí gbogbo ìlú, mo kọjú sí ògiri.

Tíṣà ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òyìnbó béèrè ta ni mo ń bínú sí, àti pé ọ̀gá wa ti ń dìde láti wá fà mí sọ̀kalẹ̀ kí òun tó di aṣọ rẹ̀ mú. Èmi kò mọ̀. Ògiri nìkan ni mo ń rí, mo sì gbé ohùn rárà:

Òkùnkùn wọlé, mo gbé àga fún un jókòó,
Òun nìkan ni àlejò tí kò ní kí n dákẹ́.
Mo di ojú òde, mo la ojú inú,
Mo rí ọmọ wa létí rélùwéè,
Ó ń juwọ́ sí ọkọ̀ tó ń lọ.

Mo dé ibi orúkọ náà. Mo rántí ọwọ́ Ìyá Àgbà lápá mi. Mo sì tún rántí kẹ̀kẹ́ òwú tí kò yí. Mo la ẹnu mi, mo pè é bí a ṣe ń pè é láàárọ̀:

Àlàó o, Àlàó,
Ta ló juwọ́ padà sí ọ?

Mo lérò pé mo ti pa ìyá mi. Mi ò lè yí padà wò ó. Mo dúró síbẹ̀, iwájú orí mi lára ògiri, mo ń retí kí n gbọ́ bí èèyàn ṣe ń ṣubú.

Ohùn ni mo gbọ́. Ó ti ìlà tó kẹ́yìn wá, ó há díẹ̀, ohùn tí a kò lò láti ọdún méjì.

"Ó tó. Kọjú sí wa."

Mo yí padà. Ìyá mi ti dìde dúró. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀, kò nù ún, kò bojú. Ó sì dá mi lóhùn pẹ̀lú rárà, lójú òyìnbó, lójú ìjọ, lójú ìyá ọkọ rẹ̀:

Ọkọ̀ tó gbé Àlàó lọ,
Kò gbé orúkọ rẹ̀ lọ.

Àwọn obìnrin ìlà ẹ̀yìn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọjú sí ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa nígbà tí wọ́n jẹ́ omidan, gbè é lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn. Èkínní sunkún pe ọmọ tirẹ̀ tó ti kú, èkejì pe tirẹ̀, orúkọ tí wọn kò pè láti ọdún márùn-ún, láti ogún ọdún. Wọn kò ṣubú. Wọ́n dúró ṣinṣin, wọ́n ń sun ún, ara wọn ń fúyẹ́. Ìyá Àgbà náà jókòó fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ àga. Lẹ́yìn náà ló tú gèlè rẹ̀, ó dìde, ó fi nu ojú ìyá mi, ó sì dárúkọ ọmọ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ rí. Bàbá mi ń bọ̀ láti ìlà àwọn ọkùnrin, ó ń ta àga nù lọ́nà. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń jó lórí pèpéle, mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀bùn kejì ni wọ́n fún mi. Ọmọkùnrin tí kò ṣi ọ̀rọ̀ kan ló gba ìkíní, ó sì tọ́ sí i, èmi tí mo gbàgbé ewì lódindi kò lè jà. Ìwé àkọsílẹ̀ méjì àti rúlà onígi kan ni tèmi. Rúlà náà wà nínú àpótí mi títí dòní, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, omidan kan dé láti Ara pẹ̀lú igi ìdáná lórí. Ìyá mi ní kó sọ ọ́ kalẹ̀, kó kọjú sí ògiri. Ó sì tó nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ lẹ́yìn náà tí ìyá mi bí àbúrò mi obìnrin. Ìyá Àgbà gbé e mọ́ àyà, ó ní, "Ọ̀nà kò dí." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àgbà kì í pọ̀ lọ́rọ̀ níbi tí wọ́n ti jẹ̀bi. Láti ọjọ́ náà, ó di àṣà ilé wa pé kí a máa pe Àlàó mọ́ àwọn ọmọ bí a bá ń ṣàdúrà. Èmi lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà, mo sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé mi kọ́ àwọn ọmọ ní ewì àwọn òyìnbó òkùnkùn wọ̀nyẹn. Bí ọmọ kan bá ní kò yé òun, n ó ní kó lọ bá ògiri.

Ayé ti yí. Ìyàwó òde òní ń rẹ́rìn-ín jáde nílé bàbá rẹ̀, ẹni tó ń lu orin lórí ẹ̀rọ sì máa ń fi orin bo ibi tí ẹkún yẹ kó wà. Mi ò bá wọn jà, ọkọ tí wọ́n ń fẹ́ báyìí, wọ́n ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ sunkún sí? Bí ọmọdé bá kú lónìí, a máa gbé àwòrán rẹ̀ sórí fóònù kí ilẹ̀ tó ṣú, ọgọ́rùn-ún èèyàn á sì fi àwòrán omijé dáhùn. Ó dára ju ìdákẹ́jẹ́ ayé àtijọ́ lọ, n ó sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a ń wojú ara wa sunkún báyìí, ìyẹn sì ni ìyá mi kò fẹ́.

Ìyá mi gbó, ó tọ́. Nígbà tí a sin ín, ẹni tó ń ya fídíò ní kí n kọjú sí òun kí n sọ̀rọ̀ nípa màmá. Mo yí ẹ̀yìn sí i, mo kọjú sí ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, tí a ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ báyìí. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo kámẹ́rà." Àbúrò mi obìnrin, ọmọ tó wọlé nígbà tí ọ̀nà kò dí, ní kó fi mí sílẹ̀. Mo pe ìyá mi, mo pe bàbá mi, mo pe Ìyá Àgbà, mo pe Àlàó. Mo sun ún títí ohùn mi fi bọ́ sí ibi tó yẹ. Àbúrò mi, tí òun náà ti hu ewú, wá fi ọwọ́ kàn mí léjìká.

Ó ní, "Ó tó, àǹtí mi. Ẹ kọjú sí wa."